Àgbọ̀nrín Ti Jẹun Tán Kí Ọdẹ Tó Ríran

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo ọdẹ tí mo bá bá sọ̀rọ̀ ló ń sọ ọ́, ì báà jẹ́ ọdẹ ọjọ́ pípẹ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn: "Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni àgbọ̀nrín máa ń jáde." Kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ilẹ̀ igbó kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀yẹ̀ bá là tí mo bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀, ìrì ti bọ́ sórí ipa ẹsẹ̀ tí mo ń rí. Koríko tí wọ́n já ti rọ létí. Imí wọn ti tutù. Ẹran tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde kò lè ti ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí.

Mi ò sọ pé irọ́ ni àwọn ọdẹ ń pa. Àgbọ̀nrín pọ̀ lójú ọ̀nà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lóòótọ́. Àwọn onímọ̀ tó so ẹ̀rọ GPS, tó ń sọ ibi tí ẹran wà, mọ́ wọn lọ́rùn rí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìrìn wọn ń pọ̀ jù lọ láàárín ọ̀sán àti òru: ìgbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, àti ìgbà tó bá ń ṣú. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ń lọ? Ẹni tí a bá pàdé lójú ọ̀nà lè máa jáde nílé, ó sì lè máa padà sílé. Èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì ló máa sọ ibi tó yẹ kí ọdẹ jókòó sí, ọ̀nà tó yẹ kó gbà wọgbó, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ fi ń parí sí ọwọ́ òfo.

Etí ló kọ́kọ́ mọ̀

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ náà là sí mi. Èmi àti ọdẹ àgbà kan la jọ wà lórí ègùn tó wà lára igi, létí pápá kan tí igbó yí ká. A ti gòkè nígbà tí òkùnkùn ṣì ṣú biribiri. Bí mo ṣe fẹ́ béèrè ìgbà tí ẹran máa dé, àgbà náà fọwọ́ kàn mí léjìká, ó wá fi ìka kan etí ara rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Nísàlẹ̀ wa, nínú òkùnkùn, nǹkan kan ń já koríko. Kì í ṣe ariwo ńlá: á já a, á dákẹ́, á tún já a. Ẹsẹ̀ kan gbéra, ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Lápá òsì, òmíràn fọn imú. Pápá tí mo rò pé ó ṣófo kún fún ẹran, wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Ṣé kí n múra, Bàbá?" Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Múra kí ni? Ṣé o rí wọn ni?"

"Mi ò rí wọn, sà."

"Àwọn ń rí ẹ o. Jókòó jẹ́ẹ́."

Mo jókòó jẹ́ẹ́. Ojú ọ̀run níhà ìlà oòrùn kọ́kọ́ di àwọ̀ eérú. Orí àwọn igi yọ kúrò lára òkùnkùn, àmọ́ ilẹ̀ abẹ́ wọn kò tíì yọ. Mo tẹjú mọ́ ohun dúdú kan fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé kùkùté ni, àfi ìgbà tó gbé orí sókè. Síbẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan. Mi ò lè sọ bóyá ó níwo tàbí kò níwo, bóyá akọ ni tàbí abo. Díẹ̀díẹ̀ ni ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ewé, tí ara ẹran wá ń pọ́n. Bí àwọ̀ ṣe ń dé yìí gan-an ni wọ́n ń lọ. Abo kan ló kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí wa, ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn yòókù kò sáré, ẹ̀rù kò bà wọ́n; wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sún, gbogbo wọn kọjú sí igbó. Nígbà tí mo fi lè dá ìwo mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀ka igi, ìdí wọn ni mo ń wò.

Ìmọ́lẹ̀ tí mo ti ń retí pé yóò kó wọn jáde ló ń kó wọn lọ. Bí òṣìṣẹ́ alẹ́ tó ń darí sílé nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń jí ni wọ́n rí. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ríran. A wá ka ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí sí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ojú ni ọdẹ ìgbà ìwáṣẹ̀ gbára lé jù láti mọ ìrìn ẹran, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó rọrùn kí ó gbà pé àgbọ̀nrín náà ń bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nígbà yẹn.

Inú wọn náà ń dá kún un. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni àgbọ̀nrín, ikùn rẹ̀ sì pín sí mẹ́rin. Ó lè já ewé sínú ní kíákíá láì jẹ ẹ́ kúnná, kó gbé e lọ síbi tó ṣókùnkùn, kó dùbúlẹ̀, kó wá máa pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ibi gbalasa ni oúnjẹ wà, ibi gbalasa náà sì ni ewu wà. Jíjẹ àpọ̀jẹ jẹ́ kó lè dín àkókò tó ń lò níbẹ̀ kù. Kì í ṣe pé ó ń sùn fọnfọn látàárọ̀ títí dalẹ́ o. Yóò máa dìde, yóò na ara, yóò já ewé tó wà nítòsí, yóò tún dùbúlẹ̀. Àmọ́ ìrìn tó gùn, èyí tó so ibi oúnjẹ pọ̀ mọ́ ibi ìsinmi, bèbè ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló ń ṣe é.

Bí èyí bá yé ọdẹ, ìjókòó òwúrọ̀ rẹ̀ kò ní jọ ti ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹran ń bọ̀ wá síbi oúnjẹ, nítorí náà ó bójú mu kí èèyàn lúgọ sétí pápá. Ní òwúrọ̀, ẹni tó bá gba àárín pápá kọjá lọ sórí ègùn rẹ̀ ní ìdájí, àárín ibi tí wọ́n ti ń jẹun ló là kọjá, ó sì ti lé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ojú ọ̀nà tó lọ sí ibùsùn wọn ló yẹ kó jókòó sí, kó sì fi ẹ̀yìn igbó wọlé, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ jìn ní ìlọ́po méjì.

Ojú tí òkùnkùn kò dí

Ọ̀rọ̀ àgbà yẹn, pé àwọn ń rí mi, kì í ṣe àsọdùn. Ọmọlójú àgbọ̀nrín gbòòrò, ó sì nà ní ìbú, kò rí roboto bíi tiwa. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ méjèèjì wà, èyí tó jẹ́ kó lè rí nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà gbogbo ohun tó yí i ká láì yí ọrùn. Lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀, awọ kan wà tó ń dán bíi dígí. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kọjá láì ṣiṣẹ́, awọ yìí yóò dá a padà kó lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Òun náà ló ń mú kí ojú wọn kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá tàn sí wọn lóru. Àwa èèyàn kò ní i.

Ti àwọ̀ ni mo rò pé ó kan ọdẹ jù. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1994, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà wọn bí ojú àgbọ̀nrín onírù funfun ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ni wọ́n rí tó ń dá àwọ̀ mọ̀: ọ̀kan ń jí sí ìmọ́lẹ̀ búlúù, ní nǹkan bí 450 sí 460 nanomítà (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀), èkejì ń jí sí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé, ní nǹkan bí 540. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí èèyàn fi ń mọ pupa yàtọ̀ kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń ta wá lójú, tí òfin ọ̀pọ̀ ibi fi dandan lé kí ọdẹ wọ̀, fi rí bàìbàì lásán lójú àgbọ̀nrín. Ṣòkòtò jíǹsì búlúù ló ń pariwo.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe bá àfẹ̀mọ́júmọ́ mu. Kí oòrùn tó yọ, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti òkè ọ̀run bọ̀ kún fún búlúù, nítorí pé ọ̀nà tó ń gbà nínú afẹ́fẹ́ gùn, tí ozone, irú afẹ́fẹ́ kan tó wà lókè, sì ń gbé lára àwọ̀ ọsàn rẹ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tíì wúlò fún wa rárá ni èyí tí ojú àgbọ̀nrín fẹ́ràn jù. Àkókò tí ọdẹ ń rò pé òkùnkùn bo òun, aṣọ tó lu jára ni òkùnkùn ọ̀hún jẹ́ lójú ẹran.

Ojú tiwa ńkọ́? Ní 1819, Jan Evangelista Purkyně, ọmọ ilẹ̀ Czech, ṣàkíyèsí pé òdòdó pupa máa ń dúdú ju búlúù lọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, tó sì jẹ́ pé pupa yẹn náà ló máa ń tàn jù bí oòrùn bá yọ tán. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ríran lóru kì í mọ àwọ̀, ó sì tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí nínú òkùnkùn kó tó ṣiṣẹ́ tán. Ẹni tó bá ṣí fóònù rẹ̀ wo aago lórí ègùn ti pa ààbọ̀ wákàtí yẹn run. (Mo ti bá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí fóònù títí ọ̀yẹ̀ fi là jókòó rí, tó ń ṣàròyé pé ẹran kò sí nínú igbó náà mọ́.) Tí èèyàn bá nílò iná, kí ó jẹ́ pupa tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ojú òru tiwa jẹ́, ojú àgbọ̀nrín kì í sì í tètè gbà á.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti reindeer, ìbátan àgbọ̀nrín tó ń gbé lápá àríwá ayé. Ìwádìí kan ní 2013 fi hàn pé awọ tó ń dán lẹ́yìn ojú rẹ̀ a máa yí àwọ̀ padà: a máa pọ́n bíi góòlù ní ìgbà ooru, a sì máa di búlúù ní ìgbà òtútù tí òkùnkùn ń gùn. Ẹran tí ara rẹ̀ fara balẹ̀ ba ìmọ́lẹ̀ ṣe tó báyìí, ẹ ò lè fi aago ọwọ́ lé e bá.

Oòrùn a máa yí afẹ́fẹ́ padà

Ojú nìkan kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń bá jà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti gun òkè tó sì rọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ tó tutù lóru wúwo, á máa ṣàn lọ sísàlẹ̀. Bí oòrùn bá wá kan ẹ̀gbẹ́ òkè, ilẹ̀ á móoru, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láàárín méjèèjì ni ìṣẹ́jú díẹ̀ kan wà tí afẹ́fẹ́ kò mọ ibi tó ń lọ. Á yí síhìn-ín, á yí sọ́hùn-ún.

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ibi tí àṣírí ọdẹ ti ń tú gan-an nìyẹn. Ẹni tó jókòó sókè ní ìdájí ń fi òórùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹran tó ń jẹun nísàlẹ̀. Ẹni tó jókòó sísàlẹ̀ yóò rí ìgbádùn ní ìdájí, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gun ẹ̀gbẹ́ òkè, òórùn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹran tó ti gòkè lọ sùn. Àgbọ̀nrín sì fẹ́ràn láti dùbúlẹ̀ sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti ń gbé ìròyìn ìsàlẹ̀ wá bá imú rẹ̀. Mo gbà pé ohun tí ọ̀pọ̀ ọdẹ ń pè ní oríire burúkú kò ju kí èèyàn jókòó síbi kan náà fún wákàtí mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ti yí padà nínú wọn.

Ọjọ́ tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run, ìyípadà yìí a máa pẹ́, ilẹ̀ náà a sì máa pẹ́ kó tó mọ́ kedere. Ọ̀pọ̀ ọdẹ ló ń sọ pé ẹran a máa pẹ́ ní pápá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ìdí tí mo fi máa ta kò wọ́n.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òfin fi sílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ ni òfin ti gbà kí ọdẹ àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn. Ní England àti Wales, òfin àgbọ̀nrín ti 1991 ka òru sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di wákàtí kan kó tó yọ, ó sì ka pípa àgbọ̀nrín láàárín ìgbà yẹn léèwọ̀. Ẹ kíyè sí i pé oòrùn ni òfin méjèèjì fi wọn àkókò, kì í ṣe aago.

Àmọ́ ààbọ̀ wákàtí kò gùn bákan náà níbi gbogbo. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ń gòkè lọ tààrà, àkókò tí ilẹ̀ fi ń yí láti òkùnkùn sí ojúmọ́ a máa kúrú. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí ibẹ̀, ńṣe ló ń gbà á ní ẹ̀gbẹ́, àfẹ̀mọ́júmọ́ á sì máa gùn sí i. Igbó tó dí, òjò, kùrukùru, gbogbo wọn ló tún ń jẹ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú tí òfin sọ pé ó tọ́ lè jẹ́ ìṣẹ́jú tí ojú ṣì ń purọ́.

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnì kan jẹ. Ìyà yẹn kan náà, òtútù òru, oorun tí kò sùn, ẹsẹ̀ tó ti kú, ló ń ti èèyàn láti yìnbọn sí ohun tí kò tíì dá mọ̀. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ lórí èyí: ẹni tí kò bá lè sọ akọ yàtọ̀ sí abo, tí kò sì rí ohun tó wà lẹ́yìn ẹran náà, kò tíì ríran. Kùkùté mi yẹn gbé orí sókè. Ohun mìíràn tó lè gbé orí sókè nínú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èèyàn.

Òru tí àwa dá sílẹ̀ fún wọn

Bí mo ṣe ń rò ó síwájú, mo bi ara mi pé ta ló kọ́ wọn ní òru. Ìkookò àti àwọn ẹran apẹran mìíràn wà nínú ìdáhùn náà, ṣùgbọ́n a kò lè yọ ara wa kúrò. Ní 2018, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí kan jáde tó kó iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí oríṣi ẹran 62 jọ, láti kọ́ńtínẹ́ǹtì mẹ́fà lágbàáyé. Níbi tí èèyàn bá ti ń da igbó láàmú, ìrìn òru àwọn ẹran wọ̀nyí ń di ìlọ́po 1.36. Ẹran tó ti ń pín ìrìn rẹ̀ dọ́gba láàárín ọ̀sán àti òru yóò wá máa fi ìpín 68 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sí òru. Kò sì dìgbà tí a bá gbé ìbọn. Arìnrìn-àjò tó kàn ń gba inú igbó kọjá náà ń lé wọn. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá.

Nítorí náà, pápá tí ọdẹ púpọ̀ bá ti ń jókòó sí lójoojúmọ́ ń sún àfẹ̀mọ́júmọ́ ara rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹran náà ṣì ń wá. Ó kàn ń tètè lọ ni.

Ti òṣùpá kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 1926 ni John Alden Knight, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé ìlànà oòrùn àti òṣùpá rẹ̀ kalẹ̀; láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta kàlẹ́ńdà tó ń sọ wákàtí tí ẹran máa rìn. Ẹ̀rọ ọrùn àwọn àgbọ̀nrín kò ti kàlẹ́ńdà náà lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀: yálà òṣùpá yọ tàbí kò yọ, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti àṣálẹ́ ni wọ́n ń rìn jù. Gígùn ọjọ́ ló lágbára lórí wọn. Bí ọ̀sán bá ń kúrú, ọpọlọ wọn á máa tú èròjà melatonin sílẹ̀ fún ìgbà tó gùn sí i lóru, ìyẹn ló sì ń mú àkókò tí akọ ń gun abo wá fún àwọn tó ń gbé níbi tí ìgbà òtútù ti ń wà. Lákòókò náà, akọ lè máa wá abo kiri ní ọ̀sán gangan, kó gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀.

Aago tiwa, oòrùn tiwọn

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò lọ́wọ́ ọdẹ nìkan ni ojú títì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sún aago síwájú ní ìgbà ìrúwé, wọ́n á dá a padà ní ìgbà ìwọ́wé. Ní 2022, àwọn olùwádìí kan yẹ àkọsílẹ̀ ìjàǹbá ọkọ̀ àti àgbọ̀nrín tó lé ní mílíọ̀nù kan wò. Wọ́n rí i pé ìjàǹbá náà ń wáyé ní ìlọ́po 14 ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ju wákàtí méjì kó tó wọ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dá aago padà, iye rẹ̀ a máa fi ìpín 16 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Àgbọ̀nrín kò yí ohunkóhun padà lọ́sẹ̀ yẹn. Àwa la kó ìrìn àbọ̀ ibi iṣẹ́ wa lọ sínú òkùnkùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí akọ ń wá abo kiri. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí wọ́n bá fi aago sí ti ìgbà ooru jálẹ̀ ọdún, yóò gba ẹ̀mí àgbọ̀nrín 36,550 àti èèyàn 33 là lọ́dọọdún.

Èmi ò mọ̀ bí àwọn aṣòfin ṣe máa parí àríyànjiyàn aago wọn, kò sì kan ẹran tó ń kọjá títì. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó lọ́sẹ̀ yẹn lè dín eré kù láti ìgbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Bó bá sì rí ọ̀kan tó sọdá, kó má tíì tẹ eré. Ọmọ a máa tẹ̀lé ìyá rẹ̀.